Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ará Ìlaró, ẹ̀yin ará Ayétòrò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìdógò, Ìmẹ̀kọ, Ọjà-Ọdán, Ìpókíá àti Ìdírókò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Kò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Mi ò ní kí ẹ wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni, lónìí yìí.

Ọmọ kan wà ládùúgbò yín tí wọ́n máa ń pè ní olódo. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ẹ́ gba ìsinmi, àyà ìyá rẹ̀ á máa já. Yíǹkì pupa ló kún inú káàdì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń kùn pé owó òun ń wọgbó.

Ọmọ yìí kan náà ni wọ́n ń sáré pè bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò dìde. Òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó lọ́jọ́ ọjà, ṣéńjì kì í sì í dín. Bó bá gbọ́ orin tuntun lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ṣé olódo lẹni tó ń ṣe gbogbo èyí?

Olódo kọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo la ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sí: jókòó, dákẹ́, gbọ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà yẹn dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní nǹkan, ẹ má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kó rí i. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó tán.

Àwọn kan á ní, "Ọmọ tí kò mọ ìṣirò ní kíláàsì, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brazil fún yín. Ní 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde láti ìlú Recife. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ tó ń tajà lójú pópó àti lọ́jà, wọ́n ṣe bí oníbàárà. "Eélòó ni àgbọn kan? Bí mo bá ra mẹ́wàá ńkọ́? Eélòó ni ṣéńjì mi?" Nínú 100 ìbéèrè báyìí, àwọn ọmọ náà ń gba bíi 98.

Wọ́n wá gbé irú ìṣirò kan náà ka orí tábìlì, wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní ìwé àti pẹ́ńsù. Kò sí àgbọn, kò sí oníbàárà, nọ́ńbà lásán ni. Bíi 37 péré ni wọ́n gbà nínú 100. Orí kan náà, ọmọ kan náà, ìṣirò kan náà. Ibi tí wọ́n gbé ìṣirò náà sí ló yàtọ̀.

Ẹ ò nílò láti dé Brazil kẹ́ ẹ tó rí i. Ẹ lọ dúró sí ẹnubodè Ìdírókò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wo àwọn tó ń ṣẹ́ sééfà sí náírà. Púpọ̀ nínú wọn ò ka ìwé jìnnà. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó lè yí padà láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, wọ́n á sì ti bá a yí padà nínú orí wọn kí oníbàárà tó la ẹnu. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ rọjà níbẹ̀ á gbọ́ Yorùbá, á gbọ́ Ègùn, á sì mọ Faransé tó lè fi nájà. Ta ló jókòó kọ́ ọ? Ọjà ló kọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyálọ́jà, iṣẹ́ kan rèé. Bí ọmọ yín bá wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fi ìdí-igbá sílẹ̀ fún un fún wákàtí kan. Kó wọn kóńgò fúnra rẹ̀. Kó gbowó. Kó ṣẹ́ ṣéńjì. Lálẹ́, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kó kọ ohun tó tà àti èrè tó jẹ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìṣirò ọjà àti ìṣirò kíláàsì á bára wọn pàdé. Bí ẹ bá fi ti ìwé yẹn sílẹ̀, iṣẹ́ àbọ̀ lẹ ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tó ń da àwọn òbí láàmú báyìí. Wọ́n á ní ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ojú ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́, òmíràn etí, òmíràn ìwé, òmíràn ọwọ́. Neil Fleming ará New Zealand ló sọ ìpín mẹ́rin yìí di ìlúmọ̀ọ́ká, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó gbé jáde ní 1992. Àwọn olùkọ́ káàkiri ayé gbà á mọ́ra. Ó sì dùn ún gbọ́ létí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ní 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà tú gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀rí pé bí a bá fi ojú nìkan kọ́ "ọmọ ojú", tí a fi etí nìkan kọ́ "ọmọ etí", wọ́n á mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò rí ẹ̀rí tó múná dóko. Pé ọmọ fẹ́ràn ọ̀nà kan kò sọ pé ọ̀nà yẹn nìkan ló lè gbà mọ nǹkan.

Kí ni èyí wí fún wa? Ó ní ká má ṣe bọ́ orúkọ olódo kúrò lọ́rùn ọmọ, ká tún wá fi orúkọ mìíràn há a lọ́rùn. Ẹ má sọ pé, "Ọmọ ọwọ́ lèyí, kò lè kàwé láéláé." Ẹ má sọ pé, "Ọmọ ìwé nìyí, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́." Ọ̀nà púpọ̀ ni kí ẹ fún gbogbo wọn.

Ohun tí à ń kọ́ gan-an ló máa ń sọ bí a ó ṣe kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ ìlù, etí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ là. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ ojú ọ̀nà lórí máàpù, ojú ló máa lò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gàrí í yan, kò sí ìwé tó lè gbà á lọ́wọ́ iná.

Ẹ wo gàrí yẹn dáadáa. Wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti dì í sápò, wọ́n ti fi igi tàbí jáàkì tẹ̀ ẹ́. Ìgbà wo ló gbẹ tó? Aago ò lè sọ. Ìyá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bí omi bá ṣì ń yọ láàárín ìka, kò tíì tó. Bó bá dì mọ́ra, tó sì fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ó tó jọ̀ nìyẹn.

Ó kan orí iná. Bí agbada bá gbóná jù, á dì ní kókó kókó. Bí kò bá gbóná tó, kò ní yan dáadáa. Kí ọwọ́ má dúró. Bó bá ti ń gbẹ, ìró rẹ̀ lára igbá tí wọ́n fi ń rò ó á yí padà. Á máa dún ṣààṣà. Òórùn rẹ̀ náà á yàtọ̀. Ìyá mọ gbogbo èyí láì ronú sí i. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í látàárọ̀, tó ń fa èéfín símú, kò tíì mọ̀ ọ́n. Ojú lásán ló fi ń wò.

Ẹ gbé igbá lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀ á jóná. Ẹ fi agbada kékeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Fún un wò. Ṣó tó?" Ẹ dúró kó dáhùn kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Bó bá ní ó tó, tí kò sì tó, ẹ jẹ́ kó gbé e kaná, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó máa dì. Kò ní gbàgbé mọ́.

Agbègbè wa yìí kò kẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ kíkọ́ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ̀yin ará Ayétòrò, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn Kọ́mpúrò jù. Ní 1963 ni wọ́n ṣí Comprehensive High School níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, Ford Foundation àti Yunifásítì Harvard. Nígbà yẹn, gírámà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama mọ̀.  Ayétòrò kó gírámà, iṣẹ́ irin àti igi, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìmọ̀ okòwò àti ìtọ́jú ilé sábẹ́ òrùlé kan. Kí ọmọ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò kó tó mọ ibi tó kọjú sí. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Irú èrò yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ gbé wọ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní 1982. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ girama kékeré fojú kan ẹ̀rọ, kó fọwọ́ tú nǹkan, kó tò ó padà. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú páálí làwọn ẹ̀rọ náà kú sí. Kò síná, kò síyàrá, kò sólùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

Àmọ́ ẹ wo òpópónà yín. Mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Káfíńtà wà níbẹ̀. Télọ̀, wẹ́dà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli wà ní Ìlaró, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì sì wà ní Ayétòrò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń wá nínú páálí ń ṣiṣẹ́ lójú wa lójoojúmọ́. Kí la tún ń dúró dè?

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀. Ẹ gba ọmọ iléèwé méjì láyè kí wọ́n wá wò, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n di nǹkan mú. Kí wọ́n tú ẹ̀yà mọ́tò tó ti kú, kí wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá wá sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnì ní kíláàsì, ọmọ yẹn á ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Jean Lave, lọ jókòó ti àwọn télọ̀ ní Monrovia, ní Làìbéríà. Ó ń wo bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣe ń mọṣẹ́. Ó rí i pé ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán, wọ́n á sì máa fọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ rán an pọ̀. Gígé aṣọ ló máa ń kẹ́yìn.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ba bọ́tìnnì jẹ́, wọ́n á tú u. Bó bá ba aṣọ jẹ́ lábẹ́ sísọ́ọ̀sì, gbèsè dé. Yàtọ̀ síyẹn, kó tó dórí gígé, ó ti mọ bí ẹ̀wù tó parí ṣe ń rí. Ẹ̀yin télọ̀ wa mọ ètò yìí tipẹ́. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín.

Ibi tí à ń kùnà sí ni pé ọmọ iṣẹ́ míì á lo ọdún kan gbáko, omi ni yóò máa pọn. Á fọ mọ́tò, á pọn ọmọ ọ̀gá, á lọ ra oúnjẹ. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀, "Ṣáà máa wò." Bó bá ṣe àṣìṣe, ìgbájú. Ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù á dé, wọ́n á gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ níwájú èrò, wọ́n á jó, wọ́n á jẹ. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà àkọ́kọ́ á gbé léèsì wá, ọwọ́ ọmọ á máa gbọ̀n.

Ẹ dáwọ́ ìyẹn dúró. Ẹ fún ọmọ iṣẹ́ ní àkísà kan lójúmọ́, kó gé e, kó rán an, kó bà á jẹ́. Ẹ ní kó ra ìwé kékeré, kó máa kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kó ya àwòrán ọrùn àti apá. Bí kò bá mọ̀ọ́kọ, ọmọ yín tó wà ní ilé-ìwé á fi hàn án, òun náà á sì fi bí wọ́n ṣe ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ han ọmọ yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò ní fò. Ṣíṣe nìkan kì í ṣe ẹ̀kọ́. Bí ìrírí lásán bá tó, ọlọ́kadà tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà kan náà ì bá ti jáwọ́ nínú eré àsápajúdé. Ó ṣubú, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó tún gbéra. Kò bi ara rẹ̀ léèrè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, David Kolb, kọ ìwé lórí èyí ní 1984. Ó ní ẹ̀kọ́ inú ìrírí máa ń gba ìṣísẹ̀ mẹ́rin: kí èèyàn ṣe nǹkan, kó bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ṣe, kó fa ọgbọ́n yọ nínú rẹ̀, kó wá fi ọgbọ́n yẹn gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣísẹ̀ kejì la máa ń fò jù. Iṣẹ́ ti parí, gbogbo wa ti rẹ̀, ó yá ilé.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ló máa tún un ṣe. Ẹ há a sórí. Kí lo ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo lo ṣe máa ṣe é bó bá di ọ̀la? Ẹ bi ọmọ yín lóko. Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ yín kó tó tì ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi ara yín náà. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gé ebè mẹ́wàá fún ọmọ yín ní ọ̀tọ̀. Tirẹ̀ ni. Kó yan ohun tó fẹ́ gbìn. Kó gbin àgbàdo kan sí kòtò jíjìn, kó gbin òmíràn sí òkè, kó wo èyí tó kọ́kọ́ hù. Bó bá pẹ́ kó tó ro ó, tí koríko bò ó, ẹ má sáré lọ bá a ro ó. Ẹ jẹ́ kó kórè tirẹ̀, kẹ́ ẹ kórè tiyín, kó gbé méjèèjì síra. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn á wá rọrùn fún un láti dáhùn.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ò kàwé, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ó kàn yín gan-an, nítorí ìbéèrè yín lè mú kí ọmọ rántí ohun tó kọ́. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán nǹkan kan wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ kà. Apá kan tún un kà. Apá kejì pa ìwé dé, wọ́n ń gbìyànjú láti rántí ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó tún un kà rántí bíi 42 nínú 100. Àwọn tó pa ìwé dé rántí bíi 56.

Àwọn baba wa ti ń fi àlọ́ àpamọ̀ ṣe é kó tó di pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín. "Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí? Wá kọ́ èmi náà." Ẹ gbọ́ ọ dópin. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ ní kó tún un sọ. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ mọ A yàtọ̀ sí B kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn. Ẹni tó lè ṣàlàyé nǹkan fún ìyá rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹ sì jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ lédè Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìjọba fọwọ́ sí i ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Wọn ò lè fagi lé e nínú ilé yín. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ. Ẹ fi ẹ̀ka èdè Yewa yín ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yé e, ó lè wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó bá wù ú.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín. Ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, owó ò tó, owó ara yín lẹ fi ń ra ṣọ́ọ̀kì gan-an. Àmọ́ ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan. Bó bá jẹ́ ìdá ni ẹ fẹ́ kọ́ wọn, ẹ pín ọsàn. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n, ẹ kó wọn jáde, kí wọ́n fi okùn wọn pápá. Bó bá jẹ́ ìtàn ìlú, ẹ pe bàbá àgbà kan wá, kó sọ fún wọn nípa Oronnà, akọni Ìlaró, àti ogun àtijọ́, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tí yóò béèrè jù lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì na ọmọ nítorí pé ó dáhùn, tó ṣì í. Ẹ ba ẹ̀kọ́ jẹ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n gbá létí nítorí ìdáhùn kò ní nawọ́ mọ́. Á jókòó sẹ́yìn, á máa wo fèrèsé. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe dé ibẹ̀?" Ẹ̀yin náà á rí ibi tó ti yà kúrò lọ́nà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ mú ọmọ kúrò nílé-ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tán, kó sì ka ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí láti sọ ọmọ ọlọ́mọ di òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ súnmọ́ epo bẹntiróòlù, wáyà iná tàbí ẹ̀rọ wẹ́dà láìsí àgbà nítòsí. Ọwọ́ ló fẹ́ kọ́ nǹkan, ẹ má jẹ́ kó pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ní tiyín lọ́wọ́. Ìyá àgbà ní kẹ́ ẹ fi bí wọ́n ṣe ń fowó ránṣẹ́ lórí fóònù han òun. Kí lẹ ṣe? Ẹ já fóònù gbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wìràwìrà, ẹ dá a padà. "Màmá, ó ti lọ." Ẹ ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ fi fóònù sọ́wọ́ wọn. Ẹ kó ọwọ́ yín sápò bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, kí wọ́n ṣì í, kí wọ́n padà sẹ́yìn. Kí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún náírà bẹ̀rẹ̀. Màmá tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní máa sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí, ẹ fi sí ọ̀rọ̀ ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ta ló ní ṣọ́ọ̀bù tó lè gba ọmọ méjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan? Ta ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó lè jókòó ti àwọn ọmọ iṣẹ́ fún wákàtí kan kí wọ́n mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ẹ yan ọjọ́, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò dí? Ṣùgbọ́n ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ń yan gàrí, ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹ ti ń ṣẹ́ owó, ẹ ti ń ro oko. Ọmọ kan lẹ máa pè mọ́ra, ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa bi í.

Kó tó di pé oòrùn wọ̀ lónìí, ẹ wá ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ládùúgbò yín. Ẹ pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ fi ohun kan tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe hàn án, kẹ́ ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Bó bá bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Ẹ má dúró de ìjọba, ẹ má dúró de sáà tuntun. Ẹ dìde, ẹ lọ pè é.